Píkọ́ọ̀pù Díísù Tó Kú Lójú Ọ̀nà: Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí yín o. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́bàá ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún wá síwájú, torí yín gan-an ni mo ṣe gbà láti sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù onídíísù tó kú lójú ọ̀nà, tí kò sì dáhùn mọ́, ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá oníṣòwò gàrí kan ní Hilux àtijọ́ tó fi ń kó ẹrù láti Ayétòrò wá sí ọjà Láfẹ́ńwá. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Yóò rìn dáadáa fún bíi wákàtí kan, yóò gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kú. Wọ́n á ṣáná sí i títí bátìrì yóò fi rọ, kò ní dáhùn. Wọ́n gbé e wá bá mi. Mo gbọ́ pé kò dáhùn, mo ní pọ́ǹpù tó ń ti díísù lọ sínú ẹ́ńjìnnì ni. Mi ò bi dẹ́rẹ́bà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo tú pọ́ǹpù, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn kálíbrétọ̀, àwọn tó ń tún irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ṣe, ìyá sanwó, wọ́n ṣe é, mo dè é padà, ọkọ̀ dáhùn. Inú gbogbo wa dùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún kú lọ́nà Ayétòrò, nínú òjò, tòun ti àpò gàrí lẹ́yìn. Tapólì ò bo gbogbo rẹ̀ tán. Mo rí gàrí yẹn nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé: ó ti wú nínú àpò, omi funfun ń ro jáde lára rẹ̀. Ìyá ò bú mi. Ó kàn jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí." N óò sọ ohun tó ṣe ọkọ̀ yẹn fún yín tó bá yá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ṣe òfin fún ara mi pé mi ò ní fi spánà kan ọkọ̀ tó kú lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé mo ti bi í léèrè, mo sì ti gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì díísù fi ń ṣiṣẹ́. Kò ní plọ́ọ̀gì tó ń tàná bíi ti pẹtiróòlù. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ronú rẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1893, ó sì di 1897 kí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa tó jáde ní ìlú Augsburg. Orúkọ bàbá yẹn la ń pè lójoojúmọ́ ní ilé epo. Ohun tó dì mú ni pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ mọ́ra gidigidi, yóò gbóná. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí pọ́ǹpù yẹn máa ń gbóná mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì díísù, písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, á fún afẹ́fẹ́ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ogún, ìgbóná rẹ̀ á sì lé ní 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ìgbà yẹn ni nọ́sù, ẹnu tín-ínrín tí díísù ń gbà wọlé, á wá tu díísù sí i bí ìrì, iná á sì sọ fúnra rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta péré ló ń béèrè lọ́wọ́ wa: díísù tí kò ní afẹ́fẹ́ tàbí omi nínú, afẹ́fẹ́ tí písítìnnì lè fún mọ́ra, àti iná bátìrì tó máa pàṣẹ pé kí díísù kọjá. Ọkọ̀ tó sáré dáadáa láàárọ̀ tó wá kú lọ́sàn-án, kò jọ pé písítìnnì rẹ̀ ló jẹ láàárín ìṣẹ́jú kan, àfi tó bá ti gbóná kọjá ààlà. Èyí tó sọnù nínú méjì tó kù la fẹ́ wá.

"Kò dáhùn" tí a máa ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé kíkì sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì àbí kò yí i? Bí kò bá yí i, ẹ wo bátìrì, ẹ wo orí rẹ̀ tó ti hu funfun, ẹ wo wáyà tó so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ bá wà jẹ́ẹ́, yẹ kó fi bíi fólítì 12.6 hàn lórí mítà. Nígbà tí kíkì bá ń yí, kò yẹ kó já wá sísàlẹ̀ 9.6. Ẹ́ńjìnnì díísù wúwo láti yí, bátìrì tó ń gbé ọkọ̀ pẹtiróòlù lè má tó o. Iṣẹ́ rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, nìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ bí kíkì bá ń yí i fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró kíá. Ó ṣeé ṣe kí táímìn bẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀tì tó ń mú písítìnnì àti fáàfù rìn pọ̀, ti já, bí ẹ bá sì ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, fáàfù lẹ óò máa tẹ̀.

Èyí tó ń dààmú wa jù ni pé kíkì ń yí i dáadáa, ẹ́ńjìnnì kò gbà.

Ẹ bi dẹ́rẹ́bà pé, báwo ló ṣe kú? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe rí i, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ní ó kú lójijì, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ nínú ilé, láìgbọ̀n, láìfà, iná bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ní agbára rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, pé òun tẹ tọ́tù kò sáré, pé ó ń gbọ̀n, ó ń fà, kó tó kú, a jẹ́ pé díísù ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ tún bi í pé, ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn, kí ló sì ṣe sí i? Ìbéèrè kejì yìí ti yọ mí nínú wàhálà ju gbogbo irinṣẹ́ inú àpótí mi lọ.

Ká sọ pé ó kú lójijì. Lórí pọ́ǹpù díísù ọkọ̀ àtijọ́, ẹ óò rí nǹkan roboto kan tó tóbi bí àtàǹpàkò, wáyà kan ṣoṣo ló wọ orí rẹ̀, nọ́ọ̀tì kékeré ló dì í mú. Sólénọ́ìdì nìyẹn. Tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì á fa ọ̀pá inú rẹ̀ sókè, díísù á ráyè kọjá. Tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ọ̀pá náà á padà sáyè rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú. Torí náà, bí wáyà kan yẹn bá tú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, á kú bí ẹni pé ẹ fọwọ́ ara yín pa á. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì yí kíkì, ẹ tú wáyà náà, ẹ máa fi kàn án, ẹ máa yọ ọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kọ́, kọ́". Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ fi gílóòbù onífólítì 12 wo wáyà náà. Bí iná ò bá dé ibẹ̀, ẹ fa wáyà kan láti pọ́sítíìfù bátìrì wá sórí sólénọ́ìdì, kí ẹ sì ṣáná. Bó bá dáhùn, pọ́ǹpù ò ṣe nǹkan kan. Fúúsì, wáyà tàbí ilé kọ́kọ́rọ́ lẹ óò lọ wò. Ẹ rántí o, kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa ọkọ̀ mọ́ títí ẹ óò fi yọ wáyà tí ẹ fà yẹn.

Ohun kan tó máa ń dùn mí níbí ni bọ́tìnì àṣírí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ nítorí olè. Rìwáyà á gé wáyà sólénọ́ìdì láàárín, á so ó mọ́ bọ́tìnì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á fi téèpù wé e. Lẹ́yìn ọdún kan, téèpù á rọ̀, kí ọkọ̀ kàn kó sí kòtò kan báyìí, á kú. Ó dáa láti ṣọ́ra fún olè, àmọ́ ẹ jẹ́ kí rìwáyà jó wáyà yẹn pọ̀ pẹ̀lú òjé.

Bí iná bá dé orí sólénọ́ìdì, tó sì ń ró "kọ́", ẹ kúrò lẹ́nu iná, ẹ lọ wo èéfín. Ẹnì kan á máa yí kíkì, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á máa wo sálẹ́ńsà. Ẹ má yí kíkì kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó sinmi tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún yí i, torí ó máa ń jóná. Bí kò bá sí èéfín rárá, díísù ò dé inú ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín funfun bá ń jáde, díísù ń dé, kò jó ni. Nígbà náà ni a lè máa sọ̀rọ̀ hítà plọ́ọ̀gì, èyí tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì tútù gbóná kó lè dáhùn. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣàgámù dé Kútọ̀, tí ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń jóni lọ́wọ́, kì í ṣe hítà plọ́ọ̀gì ló ń dà á láàmú. Òwúrọ̀ tútù ni iṣẹ́ hítà plọ́ọ̀gì. Mo ti rí ẹni tó ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun fún ọkọ̀ tó gbóná bẹ́ẹ̀, ó dè wọ́n tán, kò dáhùn.

Ní tèmi, nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí kò yọ èéfín, afẹ́fẹ́ inú díísù ni mo máa ń bá nínú èyí tó pọ̀ jù. Nínú Hilux àtijọ́, àwọn ẹ́ńjìnnì 2L àti 3L yẹn, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló ń fa díísù láti táńkì, tó gba inú fíltà, ìyẹn asẹ́ díísù, kọjá. Ohun tí à ń fà kì í jò síta. Ọmọdé tó ń fi sítíróò mu mínírà mọ̀ ọ́n: bí sítíróò bá lu, mínírà ò ní dà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni hóòsì díísù. Ẹ lè dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ máa wá ibi tó ń jò, gbogbo rẹ̀ á gbẹ fúrúfúrú. Pọ́ǹpù ò sì lè fi afẹ́fẹ́ ṣí nọ́sù. Afẹ́fẹ́ á kàn máa fún pọ̀ nínú páìpù, á máa padà, bí ìgbà tí à ń tẹ fùkẹ̀ẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ ìyá oní-gàrí padà dé, mo wá bi dẹ́rẹ́bà ní ohun tó yẹ kí n ti bi í látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ó máa ń gbọ̀n kó tó kú. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ hóòsì kan nísàlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Mo mú hóòsì funfun kan tó mọ́ gaara, kò ju ìwọ̀n ọwọ́ méjì lọ, mo so ó sáàárín fíltà àti pọ́ǹpù kí n lè máa rí díísù bó ṣe ń kọjá. Mo tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fíltà títí ó fi le, ọkọ̀ dáhùn. A jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, díísù ń lọ bí oyin. Lẹ́yìn náà, ìfófòó kan kọjá, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá wọ́n ń wọ́ lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Mo mú gírísì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń fi lẹ gbogbo oríkèé hóòsì níkọ̀ọ̀kan, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa wo hóòsì funfun kó máa pariwo. Ibi táńkì, "ó ṣì ń wá!" Ibi tó gba abẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà kọjá, "ó ṣì ń wá!" Mo dé ibi tí wọ́n ti so hóòsì tuntun mọ́ páìpù irin. Hóòsì omi lásán ni wọ́n gé síbẹ̀, èyí tí díísù máa ń rọ̀, wáyà ni wọ́n sì fi dì í dípò kílíìpù. Mo lẹ gírísì mọ́ ọn nípọn. Ọmọ náà dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ọ̀gá, ó ti dá." Hóòsì díísù tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti kílíìpù méjì ni mo fi tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Owó tí ìyá ná sórí pọ́ǹpù, mo dá tọwọ́ mi padà. Ti kálíbrétọ̀ ti lọ, gàrí náà ti lọ.

Bí ẹ ṣe máa lé afẹ́fẹ́ jáde, èyí tí a ń pè ní blíìdì, nìyí. Ẹ tú síkúrù kékeré orí fíltà díẹ̀, ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́, ìfófòó á máa hó jáde. Tó bá di pé díísù nìkan ló ń jáde, ẹ dè é, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ títí á fi le mọ́ yín lọ́wọ́. Bí kò bá le láéláé, afẹ́fẹ́ ṣì ń ríbi wọlé, tàbí fáàfù inú pọ́ǹpù ọwọ́ náà ló ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ orí nọ́sù ní ìyí kan, ẹ yí kíkì, ẹ dè wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń tu díísù. Ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni mo ń wí o. Mò ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Ẹ wo táńkì pẹ̀lú. Bí ìdérí táńkì bá sọnù, ọ̀pọ̀ wa máa ń fi náílọ́ọ̀nù àti àkísà dí i. Táńkì gbọ́dọ̀ máa mí. Bí díísù ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pọ́ǹpù á fà á títí, agbára rẹ̀ á pin. Nígbà tí ọkọ̀ bá kú, ẹ yára ṣí ìdérí. Bí ẹ bá gbọ́ "fùùù", tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́yìn náà, ẹ ti rí i. Náílọ́ọ̀nù yẹn náà lè ya bọ́ sínú. Á máa léfòó kiri, á dé ẹnu páìpù, á lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ á kú. Ẹ jókòó jẹ ẹ̀wà àgànyìn tán, ó ti ṣí kúrò, ọkọ̀ á dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbé lọ fún àdúrà. Mi ò lòdì sí àdúrà, àmọ́ ẹ sọ táńkì kalẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́.

Omi ńkọ́? Díísù fúyẹ́ ju omi lọ, omi ló máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹ tú síkúrù ìdí fíltà sínú ìgò funfun, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra díísù nínú jẹ́ríkáànù àti dúróòmù onípata, ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn burú lọ́nà tiẹ̀: díísù ló ń yọ̀ fún irin inú pọ́ǹpù, kẹrosíìnì kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irin á máa jẹ irin.

Ó ku ọkọ̀ ìgbàlódé, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Kò jọ ti àtijọ́. Pọ́ǹpù rẹ̀ ń kó díísù sínú páìpù kan tó nípọn, agbára inú páìpù náà lè kọjá 1,500 bar, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá. Táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bíi 2 lọ. Ẹ má ṣe tú páìpù nọ́sù irú ọkọ̀ yìí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Díísù tó bá tú jáde níbẹ̀ á wọ ẹran ara bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè má ju ojú ẹ̀fọn tó jẹni lọ, ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, àmọ́ ó ń pa ẹran nínú, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má ní kó sinmi dọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Àbà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé díísù ló wọlé sí i lára. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fà lé wa lọ́wọ́.

Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá kú, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bó bá ń kú nígbà tó bá gbóná, tó ń dáhùn tó bá tutù tán, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń kú nígbà tí dẹ́rẹ́bà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, fáàfù kékeré tó ń díwọ̀n díísù lára pọ́ǹpù lè máa há. Fíltà, omi àti afẹ́fẹ́ tí mo ti sọ ń bá tòun náà jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé da pẹtiróòlù sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí torí kó lè dáhùn. Bí hítà plọ́ọ̀gì bá ti pọ́n, iná á sọ síta mọ́ ẹni tó gbé agolo dání. Bí kò bá sọ síta, ó lè fọ́ písítìnnì.

Ẹ̀gbọ́n kan níbí nawọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kì í kú lọ́nà Ṣàgámù, àfi tí àwọn bá ń gun òkè nínú ìlú yìí. Mo bi wọ́n, ẹ̀yin náà gbọ́: díísù wọn kì í kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì. Ẹ̀gbọ́n, ìlú òkúta la wà. Bí ọkọ̀ bá kọjú sókè, díísù á sá lọ sẹ́yìn táńkì, ẹnu páìpù lè yọ síta, á fa afẹ́fẹ́ mu. Ẹ dà á kọjá ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó. Bó bá ṣì ń kú lórí òkè, páìpù inú táńkì náà ló ti lu lókè. Ṣùgbọ́n mi ò rí i, mi ò lè búra. Wọ́n ní ọkọ̀ wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Ìwọ ọmọ, mú hóòsì funfun yẹn àti kílíìpù méjì, ká lọ bá a.